Ẹ Mú Nǹkan Tó Bàjẹ́ Nílé Yín Wá: Ẹ̀rọ Amọ-nǹkan àti Ẹ̀kọ́ Tí Kò Ní Pátákó

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Kétu ní ilẹ̀ Benin lásìkò fàkáǹsì, ìyẹn ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, nìyí, níwájú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, olùkọ́, òbí àti àwọn ọmọ lekóòlù, ìyẹn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo fi sílẹ̀, àyàfi ibi tí ẹ̀rín ò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin àgbà Kétu, mo ríbà. Alágbẹ̀dẹ, àrọ̀yè o! Onídìrí, ojú gbooro o! Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó fi oko sílẹ̀ lónìí nítorí ọ̀rọ̀ tèmi, àroko bọ́dúndé o! Ẹ̀yin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà, n kò mọ ìkíni tiyín, torí àwọn bàbá wa ò tíì bá iṣẹ́ yín pàdé nígbà tí wọ́n ń to ìkíni sílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ náà ni mo rí kí. Ẹ̀yin ọmọ lekóòlù tó sá sẹ́yìn, mo rí yín. Ẹ bọ́ síwájú, àyè wà.

Ẹ ń gbọ́ ariwo kan lápá ọ̀tún mi, àbí? Bí ẹ̀fọn tó ń kọrin, tó tún ń dákẹ́, tó tún ń kọrin. Kì í ṣe fáànù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe, kí ojú yín lè kúrò lára rẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ mi.

Bàbá kan jókòó níwájú níbí. Bàbá, ẹ má bínú, mo máa sọ ọ́. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń wá ìròyìn lórí rédíò wọn ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń yí i. Bí wọ́n bá ti fẹ́ gbọ́ ìròyìn, wọ́n á ní kí ọmọ gbé ẹ̀mú wá! Láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọbìnrin méjì wọn irin kékeré tó yọ lára rédíò náà. Mílímítà 6 ni ìbú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ya bọ́tìnì tuntun sórí kọ̀ǹpútà, mo sì tan ẹ̀rọ náà kí n tó dìde. Ó ní ìṣẹ́jú ogójì lòun máa lò. Èmi náà bẹ ẹ̀yin olóòtú pé ogójì ni mo máa lò. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ parí nínú àwa méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kìíní: kí ni ẹ̀rọ yìí gan-an?

Faransé ń pè é ní imprimante 3D, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní 3D printer. Orúkọ méjèèjì yẹn ló ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Ìyá kan bi mí pé, "Ṣé ó máa tẹ ìwé ìbí ọmọ mi?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Kí ló wá ń tẹ̀?" Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé orúkọ náà ò bá wa mu.

Ìyá tó bí ìyá mi, amọ̀kòkò ni wọ́n. Mo jókòó tì wọ́n títí. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i kó gùn bí ejò, wọ́n á wé e yípo lórí ìdí ìkòkò, wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á tún wé òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò ń ga. Ta ló ti mọ ògiri alámọ̀ rí níhìn-ín? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ wò ó, ó ju ìdajì lọ! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ máa mọ ìpele kan, ẹ máa fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ẹ tún mọ ìkejì lé e. Bẹ́ ẹ bá kánjú ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀. Odi Kétu tí àwọn baba ńlá wa mọ, ìpele lórí ìpele ni. Ẹ lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi náà, dáadáa kí ẹ tó sùn lónìí.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ẹ̀rọ amọ-nǹkan. Bí a bá ní amọ̀kòkò, tí a sì ní ẹni tó ń mọ ilé, kí ló dé tí a ò ní ní amọ-nǹkan?

Amọ̀ tirẹ̀ ni okùn ike kan báyìí, tó wé mọ́ kẹ̀kẹ́ bí òwú. Okùn náà nípọn ní mílímítà 1,75. Ẹ̀rọ á fà á wọ inú ẹnu idẹ kan tó gbóná tó ìwọ̀n 200 ti Celsius, ihò ẹnu náà ò sì ju mílímítà 0,4 lọ. Ike á yọ́, á máa jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹnu náà á máa rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, á máa tọ ipa tí kọ̀ǹpútà là fún un. Ìpele kọ̀ọ̀kan lè má ju mílímítà 0,2 lọ. Fáànù kékeré á fẹ́ sí i kó gbẹ, ẹnu á gbéra sókè díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ ìpele tuntun. Bọ́tìnì Bàbá ga ní mílímítà 15. Ẹ̀yin ọmọ, ìpele mélòó nìyẹn? ... Ta ló sọ 75? Dìde kí wọ́n rí ọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.

Kọ̀ǹpútà náà níṣẹ́ tirẹ̀. Tí o bá ti ya ohun tó o fẹ́ sójú rẹ̀, tó ní gígùn, tó ní ìbú, tó ní gíga, á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni gé iṣu tó fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Ìbẹ́ iṣu kọ̀ọ̀kan ló di ìpele kan. Ó tán.

Ibo ló ti wá? Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Chuck Hull, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ní 1983. Kò lo okùn ike. Omi kan tó máa ń le bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á ló lò, ìjọba sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1986, ìyẹn ìwé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é láìgbàṣẹ. Ti olókùn ike yìí, Scott Crump ló ṣe é ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló wù mí jù. Ó fẹ́ ṣe ọ̀pọ̀lọ́ ìṣeré fún ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ó mú ìbọn tí wọ́n fi ń yọ́ gúlúù, ó fi ike pẹ̀lú àbẹ́là sínú rẹ̀, ó ń yọ́ ọ lé ara wọn ní ìpele ìpele. Bàbá tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré ni. Kò sí kíláàsì, kò sí ìdánwò.

Ìwé ẹ̀tọ́ mú kí ẹ̀rọ náà wọ́n fún ogún ọdún. Nígbà tó di 2005, ọ̀jọ̀gbọ́n Adrian Bowyer ní yunifásítì Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó pè ní RepRap: ẹ̀rọ tó lè mọ púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara tirẹ̀. Ó fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ lórí ti olókùn ike sì parí ní 2009. Láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Lónìí, kékeré rẹ̀ kò tó owó alùpùpù tuntun.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé, Lomé ló ti ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ò jìnnà: Cotonou, Grand-Popo, Hilla-Condji, o ti wọ Tógò. Ní 2013, Kodjo Afate Gnikou to ẹ̀rọ amọ-nǹkan kan ní WoeLab, ibi ìpàdé àwọn tó ń dán nǹkan wò tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ló fi tò ó? Àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti bàjẹ́, àwọn pàǹtí tí àwọn òyìnbó ń kó wá dà sí èbúté wa. Ó yọ mọ́tò kékeré inú wọn, ó yọ irin tí orí ìtẹ̀wé ń rìn lé, ó tò wọ́n pọ̀. W.Afate ni wọ́n pè é.

Ẹ̀yin tó ń tún fóònù ṣe, mo fi ojú wá yín. Bí ẹ bá padà sí ṣọ́ọ̀bù yín lónìí, ẹ wo abẹ́ tábìlì yín dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ̀kọ́ tí kò ní pátákó

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń fi ẹfun kọ nǹkan sára pátákó. Nítorí náà, bí mo bá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe pé mo kórìíra lekóòlù.

Àwa Yorùbá mọ ẹ̀kọ́ tí kò ní pátákó tipẹ́. Ta ló kọ́ yín ní oko ríro? Ta ló kọ́ ìyá yín ní iru ṣíṣe? Ọmọ á jókòó ti àgbà, á máa wò, á máa gbé e wá, á máa gbé e lọ, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi yí i. Ọkùnrin kan wà, Seymour Papert, tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà ní 1928, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní Amẹ́ríkà. Òun pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe Logo, èdè kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé, ní 1967. Ohun tó ń sọ títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ni pé ìgbà tí èèyàn bá ń ṣe nǹkan tí ojú ẹlòmíràn lè rí, tó lè fi hàn, tí wọ́n lè bá a jiyàn lé lórí, ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ ń wọlé jù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìyá-ìyá mi ò gbọ́ orúkọ Papert rí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Iṣẹ́ kíkọ́ tiwa ní àbùkù kan. Àṣìṣe níbẹ̀ wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó bá gé aṣọ oníbàárà bàjẹ́, kí ni ọ̀gá máa ṣe? Ẹ má dá mi lóhùn, mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Nítorí náà ọ̀gá ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan síṣọ́ọ̀sì. Ọdún kan, ó ń gbálẹ̀. Ọdún kejì, ó ń gbọ́mọ. Ó dìgbà tó bá fẹ́ gba òmìnira kó tó gé aṣọ gidi. Ọ̀gá ò níkà; aṣọ oníbàárà ló wọ́n.

Lekóòlù náà ńkọ́? Àṣìṣe wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú. Yíǹkì pupa la fi ń sàmì sí i, a sì ń kà á sílẹ̀ lójú ẹgbẹ́.

Ẹ̀rọ amọ-nǹkan yìí, ohun tó jọ mí lójú nínú rẹ̀ ni pé ó sọ àṣìṣe di pọ́ọ́kú. Bọ́tìnì bíi ti Bàbá yìí kò tó gíráàmù 10. Kílò kan okùn ike á ṣe ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀, á tún ṣẹ́kù. Ọmọ lè ba márùn-ún jẹ́ kó tó rí i ṣe, kò sẹ́ni tó máa gbá a létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ni. Ó ti kúrò ní collège kó tó ṣe BEPC, ìdánwò ìparí collège, torí ó ní ìṣirò ò wọ òun lórí. Ọ̀pá kékeré orí ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá rẹ̀, èyí tí kẹ̀kẹ́ òwú máa ń wọ̀, ló kán. Ọ̀gá ti fi ìṣó rọ́pò rẹ̀, ìṣó sì ń já òwú. Ọmọ náà gbé èyí tó kán wá.

Àkọ́kọ́, ó fi téèpù ìránṣọ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ mọ ọ́n, kò wọ ihò. Ó ní, "Àǹtí, téèpù ń purọ́." Mo ní téèpù ò purọ́, ojú ìlà rẹ̀ ló ṣe gbòòrò jù fún ohun kékeré. Mo fún un ní irin ìwọ̀n tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, pied à coulisse. Ó lò ó fún wákàtí kan gbáko. Ó wọn ọ̀pá, ó wọn bíìrò, ó wọn ìka ọwọ́ ara rẹ̀!

Ìkejì: ó ka 5,2, ó sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ètò kọ̀ǹpútà tí à ń lò, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, àmì tó sì mọ̀ ni ojú kan, kì í ṣe kọmá bíi ti Faransé. Ló bá gbé kọmá jù nù, ló ka 52. Ọ̀pá òwú tó nípọn bí ọmọ odó ló yọ sójú kọ̀ǹpútà! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, ó wò ó, ó ní, "Ṣé kọmá kékeré yẹn ló ṣe gbogbo èyí?" Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọdún kejìlá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa kọmá. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

Ìkẹta wọlé wẹ́kú. Ó gbé e lọ. Ọjọ́ kẹta, ó padà wá, ó tún ti kán, ibi tó ti kán sì mọ́ gééré bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

Àgbà kan ń kọjá lọ lọ́jọ́ náà, agbẹ́gilére ni. Wọ́n yà wá wo ìran ni, bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Wọ́n gba ọ̀pá tó kán lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ní, "Báwo ló ṣe dúró nígbà tí ẹ ń mọ ọ́n?" Ọmọ ní ó dúró lóòró ni. Wọ́n ní, "Ẹ ò wo ojú rẹ̀. Igi ní ojú. Bó o bá gbẹ́ apá ère lòdì sí ojú igi, ọjọ́ tí wọ́n bá jó o ló máa kán. Nǹkan yìí náà lójú. Ẹ dá a dùbúlẹ̀."

A dá a dùbúlẹ̀. Ó ṣì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ náà títí di òní.

Mo rò ó títí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí Bàbá agbẹ́gilére sọ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n dáadáa: ibi tí ìpele ti lẹ̀ mọ́ ìpele ni ohun tí a mọ bẹ́ẹ̀ kì í ti lágbára, gẹ́gẹ́ bí ògiri amọ̀ ṣe máa ń là níbi tí ìpele ti pàdé. Ó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ìwé náà rí ló sọ ọ́ fún wa, ojú igi ló sì fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ náà mọ kọ̀ǹpútà, Bàbá ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mọ ojú igi, ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, mo dúró láàárín wọn, mi ò mọ èyíkéyìí tó wọn. Kíláàsì wo ló lè kó àwa mẹ́ta jọ sídìí tábìlì kan?

Ṣé gbogbo ọmọ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ báyìí? Rárá o. N kò ní tàn yín. Ọmọkùnrin kan wà pẹ̀lú wa tó jẹ́ pé odidi ọ̀sẹ̀ méjì, àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà: àpò fóònù, alángbá ńlá ayé àtijọ́, òrùka. Á tẹ bọ́tìnì, á jókòó, á máa wò ó. Kí ló kọ́? Ó kọ́ bí a ṣe ń dúró. Ẹ̀rọ yìí lè sọ ọmọ di ọ̀lẹ kíákíá, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti rà á, tí wọ́n fi ṣe ìfihàn fún àlejò, tí wọ́n sì fi aṣọ bò ó lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe òfin kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan tó bàjẹ́ nílé wọn wá. Nǹkan tó bàjẹ́ náà ni ìwé ìwọlé. Bọ́tìnì rédíò, ìdérí, ẹsẹ̀ fáànù, ìkọ́ ilẹ̀kùn, ohunkóhun. Tí ọmọ bá ti ní ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́, ó ti ní ìbéèrè lẹ́nu. Ọmọkùnrin alángbá náà lọ sílé, ó mú ọwọ́ ìkòkò dígí ìyá rẹ̀ wá. Ẹ wò ó lónìí, òun ló ń tún ẹ̀rọ yìí ṣe bó bá dí lẹ́nu.

Ní Johannesburg, káfíńtà kan, Richard Van As, fi ayùn gé ìka ara rẹ̀ ní 2011. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni nǹkan tó bàjẹ́ tó mú wá. Ó wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri títí ó fi rí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ivan Owen, tó ti ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ ńlá kan fún aṣọ eré. Àwọn méjèèjì ò jọ gbé ìlú kan náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn, tí wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́ síra wọn, tí àwọn méjèèjì ń fi ẹ̀rọ amọ-nǹkan dán an wò. Wọ́n rí ìka tó ń ká ṣe, wọ́n ṣe ọwọ́ fún ọmọ kékeré kan tí wọ́n bí láìní ìka, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Káfíńtà ni o! Àwọn mìíràn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ kẹta: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ní Kétu níbí, ta ló máa sọ̀rọ̀ nǹkan mímọ tí wọn ò ní bi í léèrè ère?

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ ńlá ọmọ aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe UNESCO ló ń gbẹ́ ère. Agbẹ́gilére kan dìde nígbà kan, ó bi mí tìbínú-tìbínú pé, "Ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?"

Ìdáhùn mi nìyí, kò sì tíì yí padà. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, inú igi ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Agbẹ́gilére ń yọ kúrò, ẹ̀rọ yìí ń fi kún. Ẹ̀rọ ò mọ igi tó yẹ, kò mọ ohun tí a ń sọ fún igi kí àáké tó kàn án, kò mọ àwọn ìyá tí a ń tù lójú. Ike ni, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí jó. Èrò tèmi nìyẹn, bí ọ̀dọ́ kan bá ní èrò mìíràn, á kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà.

Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀. A lè ya fọ́tò 60 tàbí 80 yí ère kan ká, láti òkè, láti ìsàlẹ̀, kí kọ̀ǹpútà so wọ́n pọ̀ di ère kan lójú rẹ̀. A lè mọ kékeré rẹ̀ kí ọmọ gbé e lọ́wọ́, kó yí i, kó wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ etí, kó béèrè ìdí tí ojú fi rí bẹ́ẹ̀. A ṣe é fún ère kan tí ikán ti jẹ nídìí, lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ fún wa láṣẹ. Mo tún un sọ: lẹ́yìn tó fún wa láṣẹ. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí a tọrọ àyè tí wọ́n ní rárá, a sì ki fóònù wa bọ àpò. Ohun gbogbo kọ́ ni ojú gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ yí ká.

Ní oṣù Kọkànlá 2021, Faransé dá ohun 26 padà tí àwọn ọmọ-ogun wọn kó ní ààfin Àgbómẹ̀, olú ìlú ọba Dahomey, ní 1892. Àwa ará Kétu ní ọ̀rọ̀ tiwa pẹ̀lú Àgbómẹ̀ láti 1886 tí ogun wọn pa ìlú wa run, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí, ẹ má rẹ́rìn-ín! Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn ọmọ mi ní kíláàsì rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan sì bi mí pé, "Báwo ni ẹ̀yìn wọn ṣe rí?" Tẹlifíṣọ̀n ò fi ẹ̀yìn hàn. Ohun tí ọwọ́ lè yí nìkan ló lẹ́yìn.

Ẹ̀yin agbẹ́gilére, ẹ ti gbẹ́ alùpùpù sórí ère. Ẹ ti gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ ti gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tuntun kì í dẹ́rù ba Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Orí ló ń gbé e sí kó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá tó sọ ti ojú igi fún wa, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá bi mí pé wáyà mélòó ló jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ amọ-nǹkan. Mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá? Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ń kà á.

Àwọn ohun tó ń dí wa lọ́wọ́, ní kúkúrú

Iná. Ẹ̀rọ lè ti mọ nǹkan fún wákàtí mẹ́ta, kí iná lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, ohun kékeré là ń mọ. Ọ̀rinrin máa ń wọ inú okùn ike lásìkò òjò, ike á máa ta pàrà pàrà bó bá ń jáde. Inú ike ìrẹsì tó ní ìdérí la ń kó o sí. Ẹ ṣí fèrèsé bó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí èéfín rẹ̀. Ẹ má fi ṣe ṣíbí tàbí ife, ìdọ̀tí máa ń há sáàárín àwọn ìpele. Irú ike tí à ń lò, tí wọ́n ń pè ní PLA, máa ń rọ̀ bí ooru bá ti tó ìwọ̀n 60 ti Celsius. A mọ ohun tí wọ́n fi ń di fóònù mú fún ọlọ́kọ̀ zémidjan kan, ìyẹn alùpùpù akérò, ó dúpẹ́ títí. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ sí oòrùn ọ̀sán nínú oṣù Kẹta. Nígbà tó padà dé, ohun náà ti tẹrí ba bí ẹni ń kí ọba!

Òmíràn tún wà: àwọn ọmọkùnrin máa ń ti àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn nídìí kọ̀ǹpútà. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ẹni tó bá mú nǹkan tó bàjẹ́ wá ló máa di eku kọ̀ǹpútà mú, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan náà yẹn ló tún ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀.

Àwọn òbí sì ń béèrè pé ṣé a máa fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí. A kò ní. Ohun tí ọmọ náà tún ṣe wà nílé yín, ẹ̀yin gan-an lẹ máa jẹ́rìí.

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ? Ariwo ẹ̀fọn yẹn ti dúró. Yálà ó ti parí, tàbí iná ti lọ. Fáànù òkè yìí ṣì ń yí, nítorí náà iná wà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin méjèèjì, ẹ lọ yọ ọ́, ẹ rọra, ìdí rẹ̀ ṣì gbóná. Bàbá, ẹ gbé rédíò yín bọ̀. Ẹ má gbàgbé ẹ̀mú o, bí kò bá wọ̀ ọ́, a ṣì máa nílò rẹ̀.